Ọmọ Ń Ṣàìsàn: Ohun Tí Ẹ Máa Ṣe Nílé Kí Ilẹ̀ Tó Ṣú

Ọ̀kún o, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, àti ẹ̀yin ìyá àgbà tí ọmọ-ọmọ wà lọ́wọ́ yín. Láti Kàbà títí dé Ẹ̀gbẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Kogi, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi àwa nọ́ọ̀sì: "Ara ọmọ mi gbóná láti àná, ó sì ti yàgbẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta láàárọ̀ yìí. Ṣé kí n máa tọ́jú ẹ̀ nílé ni, àbí kí n gbé e wá?"

Àṣà kan ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ́jọ́ tí ọmọ bá wà lórí àìsàn. Tó bá di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀ níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò látorí délẹ̀, kí ẹ sì pinnu: ilé ni àbí sẹ́ńtà ìlera? Ẹ̀yin náà mọ ojú ọ̀nà wa. Tílẹ̀ bá ti ṣú, ọlọ́kadà kì í fẹ́ gbéra, ẹ̀rù ajínigbé ń ba awakọ̀, ẹni tó sì wà ní abà lè má rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì pe ẹnikẹ́ni. Ọmọ tí ẹ bá gbé jáde ní aago mẹ́rin á bá àwọn òṣìṣẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Èyí tí ẹ fi sílẹ̀ di aago mọ́kànlá òru, gbogbo ilé ló máa kó sí wàhálà.

Àmì tí kò gba ìdúró

Bí ẹ bá rí ẹyọ kan péré nínú ìwọ̀nyí, ẹ pa ìwé kíkà tì, ẹ gbéra:

- Kò lè mu ọmú tàbí omi mọ́.
- Gbogbo ohun tó bá gbé mì ló ń bì.
- Gìrì mú un, kódà bó bá ti fi í sílẹ̀.
- Ó ń sùn ṣáá, kò sì jí dáadáa bí ẹ bá pè é.
- Ó ń mí kíákíá, tàbí ìsàlẹ̀ àyà rẹ̀ ń wọnú nígbàkúùgbà tó bá fa èémí.
- Ọrùn rẹ̀ le, tàbí àwújẹ̀ rẹ̀ wú sókè.
- Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ àti inú ìpéǹpéjú rẹ̀ ti funfun, tàbí ìtọ̀ rẹ̀ ti dúdú.
- Ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀.
- Kò tíì pé oṣù mẹ́ta, ara rẹ̀ sì gbóná, tàbí ó tutù ju bó ṣe yẹ lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fojú kékeré wo èyí tó kẹ́yìn yẹn. Ọmọ ìkókó kì í fi àìsàn hàn bí ọmọ tó ti ń rìn. Ó lè má sunkún, kó kàn máa rọ̀ lọ.

Ohun tó yẹ kó wà nínú ilé

- ORS (ìyẹn iyọ̀ àti ṣúgà tí ẹ máa po mọ́ omi fún ọmọ tó ń yàgbẹ́) pákẹ́ẹ̀tì méjì tàbí mẹ́ta, àti táblẹ́ẹ̀tì síǹkì tí ọmọ máa lò pẹ̀lú rẹ̀
- Tẹmọ́mítà tó ń fi nọ́ńbà hàn
- Parasítámọ́ọ̀lù olómi ti ọmọdé, pẹ̀lú sírínjì tí kò ní abẹ́rẹ́ tí ẹ máa fi wọn oògùn
- Tọ́ọ̀ṣì, àti fóònù tàbí aago tó ń ka ìṣẹ́jú àáyá
- Káàdì àjẹsára, pẹ̀lú ìwọ̀n kílò ọmọ tí wọ́n kọ kẹ́yìn

Ìwọ̀n kílò yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í mọ̀. Ọmọ ọdún méjì kan lè wọn kílò 9, kí ẹgbẹ́ rẹ̀ wọn 13. Oògùn tó tó ẹnì kan kò ní tó èkejì. Lọ́jọ́ àjẹsára, ẹ ní kí wọ́n wọn ọmọ yín kí wọ́n tó gún un.

Ìgbẹ́ gbuuru

Omi àti iyọ̀ tó ń jáde lára ló ń pa ọmọ tó ń yàgbẹ́. Iṣẹ́ yín ni láti dá omi náà padà. Ẹ má wá oògùn tó máa dí ọmọ nídìí. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti gbá ìdọ̀tí lọ sínú odò àti kànga, tí máńgòrò sì kún ilẹ̀, ìgbà yẹn ni a máa ń rí wọn jù.

1. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ yín. Bó bá jẹ́ omi kànga tàbí omi odò ni ẹ ní, ẹ sè é kó hó, kí ẹ jẹ́ kó tutù.
2. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára pákẹ́ẹ̀tì ORS. Ti lítà kan ló wọ́pọ̀, àmọ́ a máa ń rí èyí tí wọ́n ṣe fún omi tó kéré jù bẹ́ẹ̀. Píọ̀wọ́tà méjì tí wọ́n kọ 50cl sí lára ló jẹ́ lítà kan. Ẹ tú gbogbo pákẹ́ẹ̀tì náà síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ má pín in sí méjì. Tí omi bá kéré, iyọ̀ á pọ̀ jù. Tí omi bá pọ̀, kò ní ṣiṣẹ́.
3. Ife àti ṣíbí ni kí ẹ fi fún un. Ẹ yẹra fún ìgò ọmọ, ìdọ̀tí máa ń há sẹ́nu rẹ̀.
4. Lẹ́yìn ìgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 á mu ìdá mẹ́rin ife dé ààbọ̀ ife, ìyẹn mílílítà 50 sí 100. Èyí tó ti lé ní ọdún 2 á mu 100 sí 200.
5. Bó bá bì í, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀ ní ṣíbí kọ̀ọ̀kan láàárín ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ ìyá máa ń ṣíwọ́ níbí pé "kò gbà á". Ó máa gbà á tí ẹ bá rọra ṣe é.
6. Ẹ bẹ̀rẹ̀ síǹkì lọ́jọ́ náà. Mílígíráàmù 10 lójúmọ́ fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6, ìyẹn ààbọ̀ táblẹ́ẹ̀tì 20. Èyí tó ti pé oṣù 6 á lo odindi 20. Ẹ fi ọmú tí ẹ fún sínú ṣíbí tàbí ORS yọ́ ọ. Ọjọ́ 10 sí 14 ni kó fi lò ó, bí ìgbẹ́ bá tiẹ̀ ti dá lọ́jọ́ kẹta.
7. Ẹ má dá ọmú dúró, ẹ má dá oúnjẹ dúró. Ẹ̀kọ mímu tí ẹ po ẹ̀wà lílọ̀ àti epo díẹ̀ mọ́, iṣu tí ẹ gún kó rọ̀, ẹyin, gbogbo rẹ̀ dára. Lẹ́yìn tó bá yá, ẹ fi oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan kún ti ojúmọ́ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì.
8. ORS tó bá ti lo wákàtí 24, ẹ dà á nù.

Bí kò bá sí ORS rárá: lítà omi kan, ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́fà, iyọ̀ ààbọ̀ ṣíbí tíì. Kí ṣíbí tẹ́jú o. Ẹ fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ fá orí rẹ̀. Ẹ tọ́ ọ wò kí ẹ tó fún ọmọ: bó bá níyọ̀ ju omijé lọ, ẹ dà á nù kí ẹ po òmíràn. Mínírà àti mọ́ọ̀tì kò lè rọ́pò rẹ̀, ṣúgà inú wọn tún lè mú kí ìgbẹ́ pọ̀ sí i.

Àmì pé omi ti ń tán lára rẹ̀: ojú rẹ̀ wọnú, ẹnu rẹ̀ gbẹ, ó ń sunkún láìsí omijé, kò tọ̀ fún wákàtí mẹ́fà, tàbí tí ẹ bá fi ìka méjì fún awọ ikùn rẹ̀ tí ẹ sì fi í sílẹ̀, kò tètè padà. Ẹ máa gbé e lọ sẹ́ńtà, kí ẹ sì máa fún un ní ORS lójú ọ̀nà. Àwújẹ̀ tó jìn náà wà lára àmì yìí. Àìlómi ló fà á, nítorí náà ẹ̀tù tàbí òróró tí wọ́n bá fi lé e lórí kò lè gbé e sókè. Ohun tó bá mu ló máa gbé e sókè.

Ibi tí a ti máa ń ṣìnà:

- Kápúsù àgbàlagbà tí wọ́n tú sínú ẹ̀kọ ọmọ. Ọ̀pọ̀ ìgbẹ́ ọmọdé ni kòkòrò fáírọ́ọ̀sì ń fà, kápúsù kò rí i ṣe.
- Oògùn tó ń dá ìgbẹ́ àgbàlagbà dúró. Ó lè mú ìfun ọmọ dákẹ́ pátápátá.
- "Eyín ló ń hù." Mo mọ̀ pé ìyá àgbà á bínú sí mi lórí èyí. Eyín ń hù lóòótọ́, àsìkò náà sì ni ọmọ ń fi gbogbo ohun tó rí nílẹ̀ sẹ́nu. Ohun tó fi sẹ́nu ló fa ìgbẹ́. Ní ti oògùn eyín, ẹ rántí pé láàárín ìparí 2008 sí ìbẹ̀rẹ̀ 2009, ọ̀kan tí májèlé wọ̀ pa ọmọ tó lé ní 80 ní Nàìjíríà.

Ara gbígbóná àti ibà

1. Ẹ fi tẹmọ́mítà sábẹ́ apá rẹ̀. Tó bá fi 37.5 hàn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ara rẹ̀ gbóná. Ọwọ́ lórí iwájú orí máa ń tan ni jẹ.
2. Ẹ dín aṣọ kù. Kódà nígbà ọyẹ́, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ti tó. Ẹ má fi omi tútù wẹ̀ ẹ́, ẹ má sì fi ọtí tàbí sípíríìtì pa á lára. Ara rẹ̀ á máa gbọ̀n, ooru inú á sì pọ̀ sí i.
3. Bí ara kò bá rọ̀ ọ́, ẹ fún un ní parasítámọ́ọ̀lù. Mílígíráàmù 10 sí 15 fún kílò kọ̀ọ̀kan ni. Tó bá jẹ́ èyí tí wọ́n kọ mílígíráàmù 120 tàbí 125 nínú mílílítà 5 sí lára, mílílítà 5 náà ló tó ọmọ kílò 10. Ẹ fi wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà sáàárín, kó má sì ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ láàárín wákàtí 24.
4. Ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò ibà kí ẹ tó ra oògùn ibà. Ẹ̀jẹ̀ kékeré láti ẹnu ìka ni wọ́n ń gbà ní sẹ́ńtà, èsì rẹ̀ kì í pẹ́ ju nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú lọ.

Ẹ ṣọ́ra fún èyí tí ẹ ń kán. Parasítámọ́ọ̀lù kíkán fún ọmọ ọwọ́ máa ń lágbára ju olómi lọ. A rí èyí tó ní mílígíráàmù 100 nínú mílílítà kan ṣoṣo. Ẹni tó bá fi ṣíbí mílílítà 5 bu ìyẹn fún ọmọ ti fún un ní ìlọ́po mẹ́rin ti olómi. Aspirin kò sí fún ọmọdé rárá.

Bí àyẹ̀wò bá fi ibà hàn, artemether-lumefantrine ni wọ́n sábà máa ń fún ọmọdé. Ó ní ẹ̀ẹ̀mẹfà tí wọ́n ń lò ó, láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Ọmọ kílò 5 tí kò tíì dé 15, táblẹ́ẹ̀tì kan lẹ́ẹ̀kan. Kílò 15 tí kò tíì dé 25, méjì. Ibi tí wọ́n ti ń kùnà jù ni ìlò kejì, torí wákàtí mẹ́jọ lẹ́yìn àkọ́kọ́ ni. Bí ẹ bá fún un ní àkọ́kọ́ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, aago méjìlá òru ni èkejì. Ẹ fi fóònù ṣètò aago tó máa jí yín. Lẹ́yìn náà ni àárọ̀ àti alẹ́ fún ọjọ́ méjì tó kù.

Ẹ jẹ́ kó mu ọmú tàbí kó jẹun tó lépo kó tó lò ó, torí ọ̀rá ló ń gbé oògùn náà wọ ara. Bó bá bì í kí wákàtí kan tó pé, ẹ fún un ní odindi mìíràn, kí ẹ sì padà sí sẹ́ńtà láti gba èyí tí ẹ fi rọ́pò. Ara ọmọ lè fúyẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ẹ má tìtorí ìyẹn tọ́jú ìyókù de àbúrò rẹ̀.

Bí àyẹ̀wò bá ní kò sí ibà, ẹ má bá wọn jà pé kí wọ́n ṣáà fún yín. Ẹ béèrè ohun tó ń mú ara gbóná: etí ni, ìtọ̀ ni, àbí àyà? Bí ara bá sì ṣì gbóná lẹ́yìn ọjọ́ méjì tó ti ń lo oògùn, ẹ gbé e padà.

Ní ti àgbo, mi ò ní bá ìyá ọkọ ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n kí ọmọ tó pé oṣù 6, ọmú nìkan ni. Ẹ má sì po àgbo mọ́ oògùn sẹ́ńtà. Bí nǹkan bá yíwọ́, a ò ní mọ èyí tó fà á nínú méjèèjì. Ẹ jẹ́ kó sùn sábẹ́ nẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú ibà àti láìsí ibà.

Ikọ́, àti bí ẹ ṣe máa mọ̀ bóyá òtútù àyà ni

Ọ̀pọ̀ ikọ́ ọmọdé, ọ̀fìnkìn lásán ni. Ó máa lọ fúnra rẹ̀. Kíka èémí ni ẹ máa fi dá òtútù àyà mọ̀.

1. Ẹ dúró kí ọmọ dákẹ́, bóyá nígbà tó bá sùn. Ẹ má kà á nígbà tó ń sunkún tàbí tó ń mu ọmú.
2. Ẹ ṣí aṣọ rẹ̀ sókè kí ẹ rí ikùn àti àyà.
3. Ẹ ka bó ṣe ń gbé sókè fún odindi ìṣẹ́jú kan. Ẹ má ka ààbọ̀ kí ẹ sọ ọ́ di méjì, èémí ọmọdé kì í lọ déédéé.
4. Ẹ fi wé èyí:
   - kò tíì pé oṣù 2: 60 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ti yára jù
   - oṣù 2 sí 11: 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ
   - ọdún 1 sí 5: 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ

Bó bá yára, sẹ́ńtà lọ́jọ́ náà. Bí ìsàlẹ̀ àyà bá ń wọnú, ilé ìwòsàn ńlá ló nílò, nítorí ó lè nílò ọ́síjìn. Oògùn tí wọ́n bá fún yín, ẹ lò ó tán.

Bó bá jẹ́ ọ̀fìnkìn ni, ẹ fún un ní ọmú lemọ́lemọ́, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún ọmọ tó ti lé ní oṣù 6, àti ààbọ̀ ṣíbí oyin gidi fún èyí tó ti pé ọdún kan. Kó tó pé ọdún kan, oyin kò sí o, ó lè ní kòkòrò tó ń mú ara ọmọ ọwọ́ rọ pátápátá. Ẹ má fi ohun atanilára bíi bọ́ọ̀mù sí i nímú. Kí ẹ sì gbé e kúrò nílé ìdáná. Èéfín igi máa ń dá ikọ́ padà lẹ́yìn tí ẹ ti rò pé ó ti lọ.

Bí gìrì bá mú ọmọ

Ibí ni ìfẹ́ ìdílé ti máa ń ṣe ọmọ léṣe jù. Gbogbo èèyàn á pariwo, kálukú á mú tirẹ̀ wá.

1. Ẹ tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ kó ohun líle kúrò nítòsí rẹ̀.
2. Ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́ kan kí itọ́ àti èébì lè ṣàn jáde.
3. Ẹ tú ohun tó há a lọ́rùn.
4. Ẹ wo aago. Bó bá kọjá ìṣẹ́jú 5, tàbí tó dá tó tún bẹ̀rẹ̀, pàjáwìrì ni, kódà ní òru.
5. Bó bá dá, ẹ jẹ́ kó wà ní ẹ̀gbẹ́ títí á fi jí dáadáa, kí ẹ sì gbé e lọ síbẹ̀síbẹ̀. Ibà tó gun orí tàbí àìsàn ọpọlọ lè wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ohun tí a kì í ṣe:

- Ṣíbí tàbí ìka sáàárín eyín rẹ̀. Eyín máa ń kán, ó sì lè dí ọ̀nà ọ̀fun.
- Oògùn, omi tàbí àgbo sẹ́nu rẹ̀ nígbà tí kò mọ ibi tó wà. Ẹ̀dọ̀fóró ló máa ń gbà lọ.
- Ìtọ̀ màálù tí wọ́n po mọ́ ewé tábà. Èyí gan-an ló burú jù. Ó ń mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ó ń dí èémí, ó sì ti sọ gìrì tí ì bá dá fúnra rẹ̀ di ikú.
- Ẹsẹ̀ sínú iná, ata tàbí àlùbọ́sà sójú. A ń tọ́jú egbò iná lẹ́yìn tí gìrì ti lọ tipẹ́.

Èéyi

Ara á gbóná, ojú á pọ́n, imú á máa ṣàn, ikọ́ á wà. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan ni ara á sú, láti ojú àti ẹ̀yìn etí wá sísàlẹ̀. Ẹ yà á sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ àwọn ọmọ tó kù títí ọjọ́ mẹ́rin á fi pé lẹ́yìn tí ara sú, kí ẹ sì mú un lọ sẹ́ńtà gba fítámì A, torí èéyi ń fọ́ ojú. Bí ẹ bá ń lọ, ẹ sọ fún wọn lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n má fi í sáàárín àwọn ọmọ ọwọ́. Ẹmu tí wọ́n ń dà sára kò wo èéyi, kò sì gbọdọ̀ kan ojú tàbí ẹnu ọmọ. Ẹ má gba ẹyin àti ẹran lọ́wọ́ rẹ̀. Oṣù 9 àti oṣù 15 ni àjẹsára rẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni ní sẹ́ńtà ìjọba. Ti oṣù 15 yẹn ni ọ̀pọ̀ ìyá ń gbàgbé.

Nígbà tí ẹ bá ń gbé e lọ

Ẹ kó gbogbo oògùn tó ti lò dání, pẹ̀lú páálí rẹ̀, àgbo pẹ̀lú. Ẹ má tijú, a ò ní bú yín. Ohun tí ẹ fi pa mọ́ fún wa ló lè mú wa fún un ní oògùn tí kò yẹ. Ẹ kọ àkókò tó lo èyí tó kẹ́yìn. Lórí ọ̀kadà, ọmọ tí kò mọ ara rẹ̀ kì í ṣe ẹni tí à ń pọ̀n: ẹ wá ẹnì kejì, kí ẹ gbé e sọ́wọ́ ní ẹ̀gbẹ́, kí ẹ lè máa rí ojú àti èémí rẹ̀.

Bí sẹ́ńtà bá ní kí ẹ máa lọ sí Jẹ́nẹ́rà ní Kàbà, sí ilé ìwòsàn ECWA ní Ẹ̀gbẹ̀, tàbí sí Lọ́kọ́ja, ẹ béèrè nǹkan mẹ́ta kí ẹ tó jáde:

- Ìwé tí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rí àti oògùn tí wọ́n ti fún un sí, pẹ̀lú àkókò rẹ̀.
- Ìlò àkọ́kọ́ oògùn náà níbẹ̀, kí ẹ tó gbéra. Bí ibà líle bá ni, tí ọmọ kò sì tíì pé ọdún 6, oògùn ibà kan wà tí wọ́n ń fi sí ìdí ọmọ tí kò lè gbé nǹkan mì.
- Ohun tó máa mu lọ́nà. Ọmú ló dára jù. Bí kò bá sí, tí ọmọ sì ń gbé mì, ẹ yọ́ ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́rin sínú ife omi kan tó jẹ́ mílílítà 200, kí ẹ fún un ní 30 sí 50 nínú rẹ̀ kí ọ̀kadà tó ṣí. Bí kò bá lè gbé mì, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì kó fún un ní ṣúgà ní ọ̀nà mìíràn kí ẹ tó lọ.